Ohùn Tó Ń Gbé Inú Etí Ọ̀tún Mi

Ẹ̀yin ará ilé mi, kí ẹnikẹ́ni tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹnu ara mi bú ara mi. Òmùgọ̀ ni mí. Kì í ṣe òmùgọ̀ kékeré, irú àwọn tó ń gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná. Òmùgọ̀ ńlá ni mí, irú èyí tó gbé ọmọ lé ẹkùn lọ́wọ́ nítorí pé ẹkùn náà bá a rẹ́rìn-ín. Èmi Ọdẹ́bùnmi, ọmọ ọdẹ, aya ọdẹ, tí èmi fúnra mi tún jẹ́ ọdẹ, tí mo pa ẹfọ̀n méje àti ìmàdò tí mi ò ka iye wọn mọ́, etí ara mi ni mo fi pa ọba kan. Díẹ̀ ló sì kù kí n fi pa àbúrò mi.

Ẹ súnmọ́ mi. Rárá, apá òsì ni kí ẹ jókòó sí. Láti ìgbà tí ẹ ti mọ̀ mí ni ẹ ti ń pariwo sí mi ní apá ọ̀tún, tí mo sì ń wò yín bí ẹni ń wo ewúrẹ́. Ẹ rò pé ìgbéraga ni. Etí ọ̀tún mi kò gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń sọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń gbọ́, ẹ ó sì mọ ohun náà kí òjò yìí tó dá. Ẹ máa bó ẹ̀gúsí yín lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í dí etí.

“Ìyàwó wa,” ni Bàbá Akọ̀wé dá mi dúró, “ṣé ìtàn lẹ fẹ́ sọ, àbí ẹ kàn fẹ́ ká bá yín bó ẹ̀gúsí lọ́fẹ̀ẹ́?”

Ẹ wo ọkùnrin yìí. Ó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe akọ̀wé ní kóòtù ìbílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé yìí ní ìyàwó, mo bá a nílé, ó ń fà kiri lórí ẹní. Nítorí náà ọkọ mi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo nu imú rẹ̀ títí ó fi mọ bí a ṣe ń fun ún. Mo dá a lóhùn pé: “Ọkọ mi, méjèèjì ni. Ẹ bó ẹ̀gúsí, kí ẹ sì pa ẹnu dé. Ẹni tó bá tún já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu yóò bó ti inú abọ́ mi mọ́ tirẹ̀.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa nísinsìnyí o, nítorí iwájú kò ní ẹ̀rín púpọ̀.

Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní, ọmọ ìyá mi, Ọdẹ́yalé. Ẹ̀yìn mi yìí ló yàgbẹ́ sí títí ó fi mọ ìrìn. Nígbà tó di ọkùnrin, ó lé ẹtu kan wọ igbó, kò sì padà wá. Ọdún mẹ́ta kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹyẹ kan bà lé orí àjà mi, ó wúkọ́ bí àgbàlagbà, ó ní: “Ọdẹ́bùnmi, àbúrò rẹ ń bẹ ní ìlú Kàntàrí, níbi tí oòrùn kì í ti kúrò láàárín orí. Ọba tuntun ti dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n ní òun ló tiná bọ àká ọba. Lọ́jọ́ ọjà kẹta sí òní, wọn yóò bẹ́ ẹ lórí.” Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó yàgbẹ́ sínú ìkòkò omi mi, ó fò lọ. Bí oníṣẹ́ ìlú àwọn iwin ṣe ń kí ènìyàn nìyẹn.

Mo gbé ìbọn ṣakabùlà mi kọ́ èjìká, mo so àpò ọdẹ mọ́ ìdí. Ẹ má bi mí léèrè ọ̀nà tí mo gbà. Ẹsẹ̀ tó ń wá ọmọ ìyá rẹ̀ kì í ka ibùsọ̀.

Igbó tí mo kọ́kọ́ kàn ni Igbó Elétí. Àwọn igi ibẹ̀ kò ní ewé. Etí ènìyàn ni wọ́n so, ńlá, kékeré, tàgbà, tọmọdé, òmíràn pẹ̀lú yẹtí lára. Ẹnikẹ́ni tó bá dún níbẹ̀, àwọn etí náà yóò yí sí i, gbòǹgbò yóò sì fà á wọ ilẹ̀. Mo tètè mọ̀, nítorí mo rí bàtà lójú ọ̀nà, méjì-méjì, wọ́n kọjú síwájú bí ìgbà tí ènìyàn ń rìn nínú wọn, ẹni tó wọ̀ wọ́n ni kò sí. Ni mo bá pa ẹnu mọ́. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi bí mo tilẹ̀ ń sùn, mo pa á mọ́ dẹndẹn. Àmọ́ ẹ̀wà ni mo jẹ kí n tó kúrò nílé. Ẹnu gbọ́ràn, ìdí kọ̀ kò gbọ́. Àárín gbùngbùn igbó ni mo wà nígbà tó dún gbàù bí ìbọn!

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ̀rún etí yí sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ mì, gbòǹgbò nawọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, mo sì fi eré gé e, aṣọ mi ṣí, n kò bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ ẹni tó ni àwọn etí wọ̀nyẹn. Àwọn tó yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni. N ò mọ̀ nígbà náà. Ṣe ni mo rò pé àwọn etí náà ń lé mi ni. Àṣé wọ́n ń kí mi káàbọ̀.

Ibi tí eré mi parí sí ni ẹnubodè Kàntàrí. Aṣọ́bodè tó wà níbẹ̀ kò ní ojú, kò ní imú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni ẹnu wà. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí mi, ọwọ́ náà sọ̀rọ̀:

“Kí ni ẹnì kan gbé tó wúwo, tí ẹni méjì gbé e tó fúyẹ́, tí ẹni mẹ́ta gbé e tó fọ́?”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ṣé èmi ni wọ́n ń pa àlọ́ fún! Mo ní: “Àṣírí ni! Ẹ tún mú èyí tó le wá.”

Ọwọ́ ọ̀tún ní: “Ó mọ̀ ọ́n lẹ́nu.”

Ọwọ́ òsì dáhùn pé: “Ká wá máa wò ó níwà.” Wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún mi.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílé wa níhìn-ín, ọ̀sán gangan kì í ṣe àkókò tí aláboyún ń rìn lójú títì, nítorí ìgbà náà ni iwin ń jẹ̀. Ní Kàntàrí, ọ̀sán gangan ni títí láé. Kò sí òjìji lára ènìyàn, kò sí lára ògiri, kò sí ibi tí ènìyàn lè sá pamọ́ sí. Bí ẹni méjì bá ń kí ara wọn, ẹnì kẹta yóò dúró, yóò máa wo ètè wọn. Mo kọjá níwájú ilé tí ọbẹ̀ ń hó lórí iná, tí ẹni tó gbé e kaná kò sí mọ́. Mo kọjá níwájú òmíràn tí ìgbálẹ̀ wà láàárín àgbàlá, ìdajì gbígbá, ìdajì àìgbá. Wọ́n fi èédú fa ìlà sí ara ilẹ̀kùn irú ilé bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan tó ń fọṣọ ló fi ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ là mí lóye. Ọba Pẹ̀lẹ́ ni ọba wọn àná, àgbàlagbà jẹ́jẹ́. Afipágorí lé e kúrò, ó gba adé. Ọba Pẹ̀lẹ́ poora, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó wà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ti jẹun lọ́dọ̀ Ọba Pẹ̀lẹ́ rí ni wọ́n ń wá ẹ̀sùn fún. Wọ́n ní ẹnì kan jí ewúrẹ́ tí kò sí, wọ́n ní ẹlòmíràn bú òjò títí òjò fi bínú. Àbúrò mi, tó máa ń pa ẹran fún ilé ọba àná, òun ni wọ́n wá fi ẹ̀sùn iná àká kàn.

Mo lọ bá a ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti rù.

“Ẹ̀gbọ́n mi! Ta ló ní kí ẹ wá?”

“Ẹyẹ ni. Ó tún ba omi mi jẹ́. Ọdẹ́yalé, ṣé ìwọ lo tiná bọ àká?”

“Èmi kọ́.”

“Níbo lo wà lọ́jọ́ náà?”

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Mo ti sọ fún agbẹjọ́rò mi.”

“Èmi ń kọ́? Èmi tí o yàgbẹ́ sí lẹ́yìn! Àjèjì lo lè finú hàn, tí ọmọ ìyá rẹ wá di ará òde?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ràn yín ju ojú mi lọ. Àmọ́ ẹnu yín kò ní ilẹ̀kùn.”

Inú bí mi, ẹ̀yin ará. Ó bí mi gan-an, nítorí òótọ́ ni. Irọ́ kì í dun ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ìyá Apamọ́ lorúkọ agbẹjọ́rò náà. Arúgbó ni, ikùn rẹ̀ sì yọ síwájú bíi ti aláboyún tó gbé oyún fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí o bá súnmọ́ ọn, wàá gbọ́ tí nǹkan ń kùn nínú rẹ̀ bí oyin nínú igi. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ti gbèjà wọn rí ló ń kùn bẹ́ẹ̀. Àṣà wọn ni pé ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn yóò bá a wọ ahéré kan tó dá wà láàárín pápá. Gbogbo pápá náà ni wọ́n da ewé gbígbẹ sí, kí eku má lè rìn níbẹ̀ láìdún. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò dúró lókèèrè, wọn yóò kẹ̀yìn sí i. Nínú ahéré, àwọn méjèèjì yóò pa obì kan, wọn yóò jẹ ẹ́ láàbọ̀-láàbọ̀, ẹlẹ́jọ́ yóò sì sọ gbogbo inú rẹ̀, èyí tó dára àti èyí tó burú. Ìyá Apamọ́ yóò gbé e mì pẹ̀lú obì. Òfin ibẹ̀ ṣáájú adé: ọba pàápàá kò gbọdọ̀ béèrè ohun tí wọ́n gbé mì.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún un, pẹ̀lú orúnkún mi tó ń dún kẹ̀kẹ̀ yìí. Mo ní kó sọ fún mi, pé ọmọ ìyá kan náà ni wá.

Ó ní: “Ọdẹ, ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi kì í ṣe tèmi. Ẹni tó ni ín ló ni ìdérí rẹ̀.”

“Bí ẹni tó ni ín bá wá kú ń kọ́?”

Ó gbá ikùn rẹ̀ pẹ́pẹ́. “Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ lè kú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí lára ogún. Àwọn òkú wà níhìn-ín tí àwọn ọmọ wọn ṣì ń wá sunkún sí mi lẹ́sẹ̀. Mo máa ń fún wọn ní omi mu, mo sì máa ń ní kí wọ́n máa lọ sílé.”

Ó fún mi ní omi. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Ibi tí mo ti ń sunkún lẹ́bàá ògiri ni Ojútútù ti bá mi, olórí gbogbo ẹ̀ṣọ́ Kàntàrí. Háà, ọkùnrin yìí! Ojú rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó tẹ́ ẹní fún mi, ó gbé ẹmu wá, ó gbé ẹran ìgalà sísun wá, ó fi aṣọ ara rẹ̀ nù mí lójú.

“Ìyá mi, ẹ má sunkún mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni Ọdẹ́yalé. Ọba ló ń lépa rẹ̀, kì í ṣe èmi. Òfin ni mò ń ṣọ́, n kì í ṣọ́ ìbínú ẹnikẹ́ni. Bí mo bá kàn lè mọ ibi tó wà lọ́jọ́ iná yẹn, èmi fúnra mi yóò dúró níwájú ọba, n ó ní kì í ṣe òun.”

“Agbẹjọ́rò rẹ̀ nìkan ló ń sọ ọ́ fún.”

“Mo mọ̀. Wọn yóò tún wọ ahéré láìpẹ́. Ewé gbígbẹ ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè súnmọ́ ibẹ̀.” Ó mí kanlẹ̀. “Àfi bí a bá rí ọdẹ gidi, tí ewé kì í gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé kò sí irú wọn mọ́ láyé.”

Ẹ gbọ́ ìdẹ! Mo ní: “Ta ló sọ fún ọ pé kò sí mọ́? Ta lò ń wò yìí?”

Ó wò mí bí ẹni pé ẹ̀rù mi ń bà á. Ó fa àdá rẹ̀ yọ nínú àkọ̀, ó gbé e sẹ́nu, ó fi eyín kàn án. “Ìyá mi, bí mo bá fi ọ̀rọ̀ tí ẹ bá bá mi sọ ṣe ibi, kí irin yìí pa mí.”

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, ẹ mọ ohun tí irin jẹ́ nílé wa. Ẹni tó bá ti fi eyín kan irin, a kì í tún bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi kọ́ mi kí ó tó kú pé: “Irin tí ìwọ kò bá gbé wò lọ́wọ́, má gba ìbúra rẹ̀. Gbé e, kí o mọ ìwúwo rẹ̀. Gbóòórùn rẹ̀.” N ò gbé e. Ẹmu ti wà lójú mi. Ẹ sì mọ̀ mí: ẹni tó bá ti pè mí ní ìyá mi, tó tún fún mi lẹ́ran, èmi ni mo máa ń di ọmọ rẹ̀.

Mo rìn lórí ewé gbígbẹ náà, kò dún. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀ níbi tó ti yẹ: kò dún rárá! Mo fi etí ọ̀tún yìí lé ògiri ahéré. Mo gbọ́ tí obì là. Mo gbọ́ ohùn àbúrò mi.

“Ìyá, mo tún un sọ: ọjọ́ tí àká jóná, èmi ni mo gbé Ọba Pẹ̀lẹ́ pọ̀n sọdá odò. Ó wà nínú ihò àpáta lẹ́yìn ibi tí omi ti ń já. Èmi nìkan ni mò ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Bí mo bá sọ ọ́ ní kóòtù, orí mi yóò yọ, tirẹ̀ yóò lọ.”

“Ṣé o ní kí n pa á mọ́?”

“Mo ní kí ẹ pa á mọ́, ìyá. Kí wọ́n tilẹ̀ pa mí.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn! Ọba gbáà ni ẹlẹ́rìí àbúrò mi, ó sì fẹ́ kú ikú ọ̀lẹ! Mo sáré, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó dé ọ̀dọ̀ Ojútútù, mo sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìku ẹyọ kan. Ó dì mọ́ mi. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n bá òun ká lọ, kí n wá fi ojú mi rí bí Ọba Pẹ̀lẹ́ yóò ṣe jẹ́rìí. Ẹ̀ṣọ́ méjìlá tẹ̀ lé wa. Èmi ni mo ṣáájú.

Nígbà tí a dé etí odò, ó fi ìka lé ètè. Mo bojú wẹ̀yìn. Mo rí i pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ti bọ́ bàtà wọn, wọ́n gbé e há abíyá.

Ẹni tó fẹ́ lọ pe ẹlẹ́rìí kì í bọ́ bàtà. Ọdẹ ni mí. Mo mọ ẹsẹ̀ tó ń yọ́ lọ bá ẹran.

Òkúta kékeré kan yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan. Ohùn arúgbó kan, ohùn ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, dún nínú ihò náà:

“Ọdẹ́yalé, ṣé ìwọ ni?”

Ẹnu mi tí kò ní ilẹ̀kùn, ọjọ́ náà gan-an ló rí ilẹ̀kùn, ó sì tì í. Ọ̀rọ̀ kan péré, “Ẹ sá!”, n kò rí i sọ. Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí kò gbọ́ èsì, ó jáde wá wò, pẹ̀lú akèrègbè òfìfo lọ́wọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

N ò ní sọ ìyókù.

Lọ́jọ́ ọjà kẹta, wọ́n pé jọ sí kóòtù. Àmù omi ńlá kan wà láàárín ibẹ̀, tí ẹlẹ́rìí ń bù mu kó tó sọ̀rọ̀. Afipágorí jókòó. Adé náà tóbi jù fún orí rẹ̀, ọwọ́ kan ló fi dì í mú.

“Ọdẹ́yalé, ẹjọ́ àká ti di kékeré. Ọ̀tá ọba lo pa mọ́. A ti rí i, a sì ti parí tirẹ̀.”

Àbúrò mi fò dìde. “Ta ló sọ fún yín?”

Ojútútù dìde, ojú rẹ̀ tutù rekete. “Agbẹjọ́rò rẹ ni.”

Ojú tí Ọdẹ́yalé fi wo Ìyá Apamọ́, mo gbàdúrà kí ọmọ ìyá ẹnikẹ́ni nínú yín má fi irú rẹ̀ wo ènìyàn. Lórí àga àwọn ẹlẹ́wọ̀n, igbe sọ. “Ìyá Apamọ́, tèmi ń kọ́? Ṣé ẹ ti sọ tèmi náà?” Obìnrin kan ń lu àyà: “Yéè, mo mà ti dárúkọ ọmọ mi fún un!”

Ìyá Apamọ́ ní: “N ò sọ.”

Ọba ní: “Fi hàn wá.”

“Bí mo bá fẹ́ fi hàn, àfi kí n ṣí ikùn, kí ẹ wò ó pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ ní odindi. Bí mo bá sì ṣí i nítorí tirẹ̀, ti gbogbo wọn ni yóò tú jáde. Ẹ kúkú pa mí.”

“Ojútútù, búra pé òun ni.”

Ojútútù fa àdá yọ, ó fi eyín kàn án. Ọjọ́ yẹn, ẹmu kò sí lójú mi. Bí eyín bá kan irin, a máa dún ṣan-an. Èyí dún kọ́, bí ìgbà tí eyín bá kan ọmọrogùn.

Ẹ̀yin ará, ara mi bù máṣọ. Mo fò sáàárín kóòtù. “Ìyá Apamọ́ kò sọ! Èmi ni! Etí mi yìí ló jí i gbọ́, ẹnu mi yìí ló tà á, ọkùnrin yìí ló sì rà á!” Mo já àdá náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ ọ́ sínú àmù. Ó rì. Ó tún yọ. Ó léfòó, ó ń yí lórí omi bí igi ìdáná, dúdú ìdí ìkòkò tí wọ́n fi kùn ún sì ń ṣí kúrò lára rẹ̀.

Mo dúró, mo ń retí ariwo. Gbogbo wọn dorí kodò.

Obìnrin tó ń fọṣọ lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wúyẹ́wúyẹ́: “Mo mọ̀ pé igi ni. Ó fi búra fún mi nígbà tí wọ́n mú ọkọ mi.”

“Ó fi búra fún èmi náà.”

“Àti èmi.”

Bó ṣe ń lọ láti ẹnu dé ẹnu nìyẹn títí ó fi yí kóòtù ká. Olúkúlùkù rò pé òun nìkan ni òmùgọ̀ ìlú, ìtìjú sì ti pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lu ilẹ̀. Kò yára, kò sì dá.

Ìyá Apamọ́ gbé ọwọ́ sókè. “Òfin yìí ṣáájú adé: ọ̀rọ̀ tí wọ́n jí nínú ahéré kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.” Ó wá yíjú sí àbúrò mi. “Ọdẹ́yalé, ti iná àká kù. Ṣé kí n ṣí ìdérí rẹ?”

Àbúrò mi ń sunkún. “Kí ló tún kù tí ìdérí ń bò, ìyá?”

“N ò bi ọ́ bóyá nǹkan kù. Mo bi ọ́ bóyá o fún mi láṣẹ.”

“Mo fún yín láṣẹ.”

Ìgbà náà ni Ìyá Apamọ́ tó fi ẹnu sọ ibi tí àbúrò mi wà lọ́jọ́ iná, láìṣí ikùn. Ẹ̀sùn àká sì wó lulẹ̀ níbẹ̀. Afipágorí wo ẹsẹ̀ tó ń lu ilẹ̀, ó gbàgbé, ó jọ̀wọ́ adé, adé sì bò ó lójú dé imú. Láti abẹ́ rẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀: “Ẹ tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n etí tó jalè, kó fi ara rẹ̀ san án.”

Aṣọ́bodè aláìlójú wá. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí ọ̀tún mi, ẹnu tó wà níbẹ̀ sì fa gbogbo ìró inú rẹ̀ mu, bí ìgbà tí wọ́n ń fa ìgbín nínú ìkarahun. Ẹyọ ìró kan há síbẹ̀, kò jáde.

Ẹ fẹ́ mọ ti Ojútútù? Mo gbọ́ pé orí oyè ló ṣì wà. Wọ́n kàn rọ àdá tuntun fún un, irin gidi. Ó ń dún ṣan-an. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́ mọ́ ní Kàntàrí, kódà nígbà tó bá sọ pé òjò ń rọ̀ tí omi sì ń kán lórí gbogbo wọn.

Èmi àti àbúrò mi jọ gba Igbó Elétí padà. Etí tuntun kan wà lẹ́ka ìsàlẹ̀, ó ṣì ń rú, yẹtí bàbà tí ọkọ mi rà fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó sì wà lára rẹ̀. Ọdẹ́yalé dúró, ó wò ó. Ó sì ń bá ọ̀nà lọ.

Ó gbé inú àgbàlá yìí fún ọdún mọ́kànlá. Àwọn àgbà nínú yín ṣì rántí rẹ̀. Ní àràárọ̀, yóò wá dọ̀bálẹ̀ pé, “Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.” Ó tán. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, òun àti ògiri ló ń sọ ọ́. Bí ebi bá ń pa á, ojú rẹ̀ ni mo máa ń wò kí n tó mọ̀. Nígbà ọyẹ́ tí ó kú, mo jókòó ti orí ẹní rẹ̀, mo ní, “Ọmọ ìyá mi, sọ ohun kan fún mi, ohun yòówù kó jẹ́.” Ó fi ọwọ́ pa mí ní etí ọ̀tún, jẹ́jẹ́, ó sì kọjú sí ògiri.

Etí yẹn sì nìyí. Nínú ọjà, nínú oorun, lórí ìkúnlẹ̀ àdúrà, ohun tó ń sọ kò yí padà: “Ọdẹ́yalé, ṣé ìwọ ni?” Mo ti dá a lóhùn pé èmi ni, Ọdẹ́bùnmi. Mo ti ní kó sá. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́, nítorí ìgbà tó yẹ kó gbọ́ ti lọ. Ẹ̀yin ọmọ, bí olórí ẹ̀ṣọ́ kan bá fi ojú tútù wá bá yín, ẹ kọ́kọ́ gbé àdá rẹ̀ wò. Ẹ fi ẹran rẹ̀ sílẹ̀ náà. Ó dùn o, mi ò ní purọ́, títí di òní ó ṣì ń dùn lẹ́nu mi, ọ̀fun burúkú ni mo ní.

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Òjò ti dá. Bàbá Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé ó ti pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀gúsí. Ó gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde, ó yí gba ẹ̀yìn mi wá, ó lóṣòó sí apá òsì mi kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.

“Ìyàwó wa,” ó ní, “ohun tí Ọdẹ́yalé bá agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ nínú ahéré, ẹ ti sọ ọ́ fún gbogbo wa tán báyìí. Ṣé ó fún yín láṣẹ kó tó kú?”